Ta ló bi obìnrin tó ni ẹyin léèrè?

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde nípa àwọn onímọ̀ tó ń fi ọlẹ̀ ènìyàn wá ìwòsàn, mo sì ka èsì fàdá àti ti àáfà. Ọjọ́ tí ẹ̀mí ń wọ ọlẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń jà sí. Fàdá ní gbàrà tí àtọ̀ bá ti bá ẹyin pàdé ni. Àáfà ní ó di ọjọ́ 120. Èmi tí mo fi ọdún 31 gbẹ̀bí ní Kétu níbí, ẹ̀rín ni mo fi rín. Kò sẹ́ni tó dárúkọ obìnrin nínú wọn.

Ọlẹ̀ tí à ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tó sọ nínú Èlísábẹ́tì. Kò ju bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà lọ, kò ju hóró iyanrìn kíkúnná lọ, inú àwo ní yàrá ìwádìí ló sì wà. Èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn tó wá ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ni wọ́n sábà máa ń lò. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn hóró tíńtín tó para pọ̀ di ara, lè di ẹ̀jẹ̀, ó lè di iṣan, ó lè di egungun. Onímọ̀ kan, James Thomson, ló kọ́kọ́ yọ irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lára ọlẹ̀ ènìyàn ní Wisconsin, l'Amẹ́ríkà, ní 1998. Bí wọ́n bá sì ti yọ ọ́, ọlẹ̀ náà parí nìyẹn. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1990 ní ọlẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ nínú àwo. Jámánì kò gbà kí wọ́n yọ sẹ́ẹ̀lì lára ọlẹ̀ nílé tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti yọ wọlé. (Ẹ má bi mí léèrè irú ìwà mímọ́ tí ìyẹn jẹ́.)

Mo fara mọ́ ọjọ́ 14 yẹn. Mo ti rí oyún tó wálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀ pé òun lóyún. A kì í sọ ọ́ lórúkọ. Àmọ́ n kò tíì rí ìyá tó pè é ní nǹkan lásán.

Ẹ kọ ọ́ pé nítorí fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) ni ká ṣe gba iṣẹ́ àwọn onímọ̀ yìí. Mo mọ àìsàn náà dáadáa, mo ti gbé ọmọ tí egungun ń ro mọ́ra títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n ìwòsàn tuntun tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ọlẹ̀. Owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ta ni yóò san án ní Kétu?

Ọ̀rọ̀ obìnrin ni mo ní kí n sọ. Láìsí ẹyin obìnrin, kò sí ọlẹ̀. Ẹyin wa kì í jábọ́ bíi ti adìyẹ. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń gún obìnrin lábẹ́rẹ́ kí ẹyin rẹ̀ lè gbó lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó tún fi abẹ́rẹ́ gígùn fà á jáde. Ikùn àwọn mìíràn á wú, omi á kún un. Ní Kòríà Gúúsù, onímọ̀ kan, Hwang Woo-suk, ní òun ti yọ sẹ́ẹ̀lì lára ọlẹ̀ tí òun fúnra òun ṣe. Irọ́ ni, ìwé ìròyìn Science fagi lé e ní 2006. Ẹyin tó lé ní 2,000, lára obìnrin tó lé ní 100, ló bá a lọ. Wọ́n sanwó fún àwọn kan. Méjì nínú àwọn obìnrin tó fún un ní ẹyin jẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣé ọmọ iṣẹ́ lè wo ojú ọ̀gá kó ní òun ò ṣe? Irọ́ yẹn ni ayé ń pariwo lé lórí títí di òní. Àwọn obìnrin náà ńkọ́?

Inú mi dùn sí ti onímọ̀ Shinya Yamanaka ará Japan, tó sọ sẹ́ẹ̀lì awọ ara di irú sẹ́ẹ̀lì ti ọlẹ̀ láìlo ẹyin, tí wọ́n sì fún ní Nobel ní 2012. Síbẹ̀ wọn kò tíì pa ti ọlẹ̀ tì.

Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí, níbi tí eré kì í ti í bẹ̀rẹ̀ láìjúbà àwọn ìyá wa. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá obìnrin kan tó ti gba abẹ́rẹ́ náà rí, kí ẹ sì fún un láyè tó gùn tó ti fàdá àti àáfà.

Èmi ni tiyín,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, Kétu