A ó fín orúkọ wọn sára òǹtẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Ní oṣù tó kọjá, mo jókòó ti ìyá kan ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ilẹ̀ ti ṣú. Mo bi í pé, "Ara ọmọ ńkọ́?" Ó dá mi lóhùn, ó sì dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Pásítọ̀, gbogbo ènìyàn ló ń béèrè ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó fẹ́ràn." Ojú tì mí, nítorí èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ìjàpá ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà náà lè sọ̀rọ̀ ìjàpá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló bí eré tí a máa ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀. Letterboxing ni wọ́n ń pè é. Ní 1854, amọ̀nà kan tó ń jẹ́ James Perrott gbé ìgò sí Cranmere Pool, nínú aginjù Dartmoor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tó bá rìn dé ibẹ̀ lè fi káàdì rẹ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn arìnrìn-àjò bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà sílẹ̀ kí ẹni tó bá dé lẹ́yìn wọn lè bá wọn fi ránṣẹ́. Lónìí, àpótí kékeré tí omi kò lè wọ̀ ni wọ́n ń fi pamọ́, ìwé àti òǹtẹ̀ ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀lé àmì títí tó fi rí i yóò lu òǹtẹ̀ àpótí sínú ìwé tirẹ̀, yóò lu tirẹ̀ sínú ìwé àpótí, yóò sì dá a padà síbi tó ti mú un gẹ́lẹ́.

Àpótí tiwa, ìdílé tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn líle ló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn òbí ti yọ̀ǹda, àwọn ló sì sọ ohun tí a máa fín. Ọ̀kan jẹ́ ìjàpá, ọ̀kan jẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀kan jẹ́ bàtà bọ́ọ̀lù, ti ọmọ tí kò tíì lè dìde. Rọ́bà tí a fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń fín. Òdì ni wọ́n ń fín orúkọ kí ó tó lè hàn bó ṣe yẹ lórí ìwé, kò sì ṣeé kánjú ṣe.

Bí mo ti ń wò wọ́n ni Ẹ́kísódù 28 sọ sí mi lọ́kàn. Ọlọ́run ní kí wọ́n fín orúkọ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sára òkúta méjì, mẹ́fà lórí ọ̀kan, mẹ́fà lórí èkejì, bí a ti ń fín èdìdì, kí Áárónì sì gbé wọn lé èjìká rẹ̀. Ní ẹsẹ 29, orúkọ náà tún wà láyà rẹ̀ nígbà tó bá ń wọ ibi mímọ́. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ẹ̀yin ará. Àwa a máa ní, "Olúwa, wo gbogbo aláìsàn sàn," a ó sì kọjá sórí kókó àdúrà mìíràn.

Ẹrù àwọn òbí yìí pọ̀. Oorun wọn kì í tó. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò aláìsàn ń dàgbà sí kọ̀rọ̀ níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àwọn gan-an fi àpótí pamọ́, kí wọ́n sì kọ àmì rẹ̀. Ní 1982, wọ́n ṣí Helen House ní Oxford, ilé ìtọ́jú àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé fún àwọn ọmọ tí àìsàn wọn kò gbóògùn. Orúkọ ọmọdébìnrin kan ni wọ́n fi sọ ọ́. Obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan ló ń gbà á sọ́dọ̀ lóòrèkóòrè kí àwọn òbí rẹ̀ lè sinmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá rí àpótí, mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọlọ́run ló mọ ìdí rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ọmọ náà, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí lójú ọ̀nà: ẹyẹ, ẹrẹ̀, ibi tí ẹ ti ṣìnà. Orí ibùsùn ni wọn yóò ti kà á. Ẹ má gbé orúkọ ọmọ kankan sórí Facebook.

Àpótí ìjàpá nìkan ni a kò ní fi pamọ́. Ọwọ́ ọmọ náà ló wà. Àìsàn rẹ̀ kò jẹ́ kí èrò wọlé tọ̀ ọ́, nítorí náà ẹ kó ìwé yín fún ìyá rẹ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò lu òǹtẹ̀ sí i. Ó ti ń béèrè pé ìwé mélòó ni yóò wá.