Apá Kejì Fíìmù Àtijọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Àwọn kan ní kí wọ́n má ṣe apá kejì fún ògbólógbòó fíìmù sáyẹ́ǹsì kankan mọ́. Èmi ò gbà. Àwa tí à ń wo fíìmù Yorùbá l'Óṣogbo mọ ìyà apá kejì dáadáa: ìtàn kan ṣoṣo, wọn a gé e sí méjì nítorí owó. Ìyẹn ló ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùdarí fíìmù James Cameron ṣe Aliens, apá kejì fíìmù Alien, lọ́dún 1986, ọdún méje lẹ́yìn tí Ridley Scott ṣe ti àkọ́kọ́, kò tún ọbẹ̀ àná gbé kaná. Ìtàn adẹ́rùbani ló sọ di ìtàn ogun. Fíìmù Blade Runner náà dúró fún ọdún 35 kí èkejì tó dé. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo fíìmù ló nílò èkejì: fíìmù E.T. ti 1982 kò ní apá kejì títí dòní, inú mi sì dùn sí i gan-an.

Èmi ni tiyín,
Òǹwòran kan, Òkè-Fíà, Òṣogbo.