Àbẹ̀kẹ́, kí o tó gun Ventoux

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù Manchester kò mú yín jù? Gbogbo ilé ń kí ọ. Mo rí ètò ìrìn àjò kẹ̀kẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì jókòó tì í dáadáa. Inú mi dùn sí i. Ilẹ̀ Provence tí o fẹ́ yí po yẹn, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, torí iṣẹ́ gbé mi lọ sí Avignon kí a tó bí ọ, kẹ̀kẹ́ ni mo sì fi ń rin ibẹ̀ ká. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé o pín nǹkan bí 200 kìlómítà sí méjì ọgbọọgba, 100 lónìí, 100 lọ́la. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni èèyàn ń pín bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, bí òkè ṣe ga ni kí o kọ́kọ́ kà, kí o ka afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, kí o tó wá ka kìlómítà. Láti Bédoin, abúlé tó wà ní ìdí òkè, dé orí òkè Ventoux, kìlómítà 21 péré ni, ṣùgbọ́n nǹkan bí mítà 1,600 ni o máa gùn sókè. Tí o bá wọ inú igbó ọ̀nà yẹn, gbogbo mítà 100 tí o bá fi kẹ̀kẹ́ rìn, o ti fi mítà 9 tàbí 10 gòkè nínú rẹ̀. Igi dí afẹ́fẹ́, ooru wá sé mọ́ ọ. Ìwọ tún fẹ́ di ẹrù mọ́ kẹ̀kẹ́! Jọ̀ọ́, má gba Bédoin gòkè.

Ọ̀nà Sault, abúlé tó wà ní apá kejì òkè náà, ni kí o gbà. Sault fúnra rẹ̀ ti wà lókè, ó tó mítà 760, orí Ventoux sì jẹ́ nǹkan bí mítà 1,910. Kìlómítà 26 ni o máa fi gun èyí tó kù. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ọ̀nà náà á rọra gbé ọ dé Chalet Reynard, ilé oúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kìlómítà mẹ́fà tó kẹ́yìn ló máa wá dán ọ wò.

Bí mo ṣe rò ó nìyí. Kúrò ní Avignon, kọrí sí ìlà oòrùn, gba L'Isle-sur-la-Sorgue lọ sí Fontaine-de-Vaucluse, kí o wo ibi tí odò Sorgue ti ń tú jáde lábẹ́ àpáta. Gun Gordes, kí o sùn sí Roussillon níbi tí ilẹ̀ ti pupa fòò. Lọ́jọ́ kejì, gba Apt lọ sí Sault, má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹta ni ti Ventoux, kí o sọ̀ kalẹ̀ sí Malaucène, kí o wá gba Carpentras padà sí Avignon lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Afẹ́fẹ́ líle tí wọ́n ń pè ní Mistral ló jẹ́ kí n yí i síbẹ̀. Láti àríwá ni afẹ́fẹ́ yẹn ti ń bọ̀, ó ń tẹ̀lé odò Rhône lọ sí Òkun Mẹditaréníà, ó sì lè fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan láìsinmi. Bí o bá gbà á bí mo ṣe wí, ẹ̀yìn ni yóò ti máa tì ọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti ń ro ọ́. Nínú ètò tìrẹ, ìwọ àti Mistral lẹ máa kọjú síra kí o tó dé ìdí òkè rárá.

Fi ọjọ́ kan tí o kò ní ṣe nǹkan kan mọ́ ọn, kí o lè dúró de afẹ́fẹ́ ní Sault. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2016, orí òkè yẹn ló yẹ kí ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France parí sí lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ le débi pé wọ́n gbé òpin rẹ̀ wá sí Chalet Reynard. Ọjọ́ yẹn ni Chris Froome, ọ̀kan lára àwọn oníkẹ̀kẹ́ náà, tí wọ́n bí ní Nairobi, fẹsẹ̀ sáré gòkè nígbà tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́. Bí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun bá lè dúró níbẹ̀, kò sí ìtìjú fún ọ. Tí o bá dé Chalet Reynard, sọ̀ kalẹ̀, di kẹ̀kẹ́ mú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń já a gbà lọ́wọ́ rẹ, ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ sí Bédoin. Gbà á.

Bí Sault lo sì ti rí i pé ọjọ́ kò dáa, gba Gorges de la Nesque, àfonífojì jíjìn tí odò Nesque gbà kọjá. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yẹn ju orí òkè lọ. Ara àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, ọ̀gbun wà nísàlẹ̀, inú ihò àpáta ni o máa gbà kọjá níbòmíràn, nítorí náà kí iná wà níwájú àti lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Láti ibi ìwòran tó dojú kọ àpáta ńlá Rocher du Cire dé abúlé Villes-sur-Auzon, nǹkan bí 20 kìlómítà, o kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní í fẹsẹ̀ wà á.

Oṣù Kẹjọ tí o mú ni n kò fara mọ́. Lavender, òdòdó olóòórùn dídùn tí o torí ẹ̀ ń lọ, wọ́n á ti gé púpọ̀ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ló dáa, kí o sì ti wà lórí kẹ̀kẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1967, Tom Simpson, oníkẹ̀kẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú Tour de France, ṣubú lórí òkè yẹn nínú ooru, ó sì kú. Oògùn tó lò kí ara rẹ̀ lè gbà á dá kún un. Ọmọ ọdún 29 ni, ọjọ́ orí rẹ gẹ́ẹ́ báyìí. Òkúta ìrántí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láàrin òkúta funfun, nígbà tí orí òkè kò jìnnà mọ́. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ a máa fi ike omi àti fìlà wọn síbẹ̀. Tí o bá débẹ̀, dúró, mu omi.

Kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Kí jíà ẹ̀yìn tó tóbi jù ní eyín 34, ó kéré tán. Tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, má di bíréèkì mú pinpin, tẹ̀ ẹ́ kí o tú u sílẹ̀, torí bí rímù bá gbóná jù, tiúbù lè bẹ́. Mú tiúbù méjì àti páǹpù, kò sí fọkanáísà lójú ọ̀nà. Mú jákẹ́ẹ̀tì, òtútù wà lókè kódà nígbà tí ìsàlẹ̀ bá ń gbóná. Ra oúnjẹ kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù abúlé a máa tì.

Tún ètò náà tò, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin. Màmá rẹ ní kí n bá òun béèrè ta ni ẹ jọ ń lọ.

Èmi ni bàbá rẹ.