Àṣàkẹ́, bọ́ọ̀dù mi ti jóná

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Àṣàkẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé o ti ń bú mi lọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n ò pè, n ò kọ̀wé. Tí mo bá ní kí n rò ó fún ọ lórí fóònù, ẹkún ni màá máa sun, ẹ̀rín ni ìwọ á máa rín, dátà á sì tán kí a tó débi ọ̀rọ̀. Jókòó kí o kà á.

Kọ̀ǹpútà mi kú. Èyí tí a jọ tò ní pálọ̀ yín ní Bódìjà lọ́dún tó o fẹ́ lọ, tó o ní kí n má fọwọ́ kan ìdí processor, ọpọlọ rẹ̀, torí òróró dòdò wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n mú iná dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, iná ọ̀hún sì wọlé bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Gílóòbù pálọ̀ funfun báláú, ó bú, mo sì gbọ́ "tá!" lábẹ́ tábìlì. (Má bi mí léèrè stabilizer. Ìyá onílé ni mo yá a fún, fún fíríìsà rẹ̀.) Nígbà tí mo ṣí i, ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí processor jókòó sí ti dúdú, kò tóbi ju hóró àgbàdo kan lọ, ṣùgbọ́n ó ti jẹ bọ́ọ̀dù (motherboard, pákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà jókòó lé) wọlé débi pé bàbà inú rẹ̀ ń dán. Òórùn yẹn ṣì wà lára kọ́tìnnì.

Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Dùgbẹ̀ bá mi gbé processor náà sínú bọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ó tàn. Ráàmù méjèèjì, ó tàn. SSD méjèèjì tí mo ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, gbogbo fídíò àwọn oníbàárà mi pé síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù, ojú ń tì í, ojú ò tì mí. Bọ́ọ̀dù nìkan ló lọ.

O rò pé ọ̀rọ̀ ti rọrùn nìyẹn, àbí? Kí n kàn ra bọ́ọ̀dù míì. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi kékeré, àbúrò Bàbá Mofẹ́ tó wà ní Ṣúrùlérè, ló kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ rú. Ó ní AM4, irú ìjókòó processor tó wà lórí bọ́ọ̀dù mi, ti di ti àwọn àgbà, kí n bọ́ sórí AM5. Mo ní ẹ ṣeun, ọkọ mi. AM5 ò gba processor tí mo ní, ráàmù DDR5 nìkan ló sì ń gbà, DDR4 ló wà lọ́wọ́ mi. Kí n torí ìlẹ̀kùn kan wó ilé. Tí mo bá tiẹ̀ débẹ̀, ìdààmú kan náà ló ń retí mi: bọ́ọ̀dù AM5 méjì, B650 tó jáde ní 2022 àti B850 tó jáde ní 2025, ṣíìpù kan náà ni AMD fi ṣe méjèèjì. Lórí B850 ó di dandan kí ihò SSD kan jẹ́ PCIe 5.0 (PCIe ni ọ̀nà tí SSD ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, nọ́ńbà tó bá ga ló yá jù), lórí B650 ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù. Wọ́n pààrọ̀ nọ́ńbà, wọ́n pààrọ̀ owó.

Ni mo bá wọkọ̀ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Àṣàkẹ́, o rántí bí wọ́n ṣe máa ń fa èèyàn láṣọ? Wọn ò tíì jáwọ́. Ọ̀kan gbé bọ́ọ̀dù AM4 mẹ́ta, B450, A520 àti B550, síwájú mi, ó ní, "Àǹtí, bákan náà ni gbogbo wọn, owó ló yàtọ̀." Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ti nawọ́ mú mi: "Àǹtí, ẹ má dá a lóhùn! B550 ń sáré ní ìlọ́po méjì B450." Ìyàtọ̀ B450 àti B550 lójà lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà. Kì í ṣe owó tí èèyàn ń fi ṣeré.

Kò sí èyí tó purọ́ tán nínú àwọn méjèèjì, òun ló ń bí mi nínú. Òótọ́ ni pé B550, ti 2020, gba PCIe 4.0, tí B450 ti 2018 sì dúró sórí 3.0. Òótọ́ ni pé 4.0 fi ìlọ́po méjì yá ju 3.0 lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ processor ni 4.0 orí B550 ti ń wá, 5600G ni tèmi, àwọn tó ní G nídìí yẹn kò sì kọjá 3.0. Bí mo bá gbé e sórí bọ́ọ̀dù oníwúrà, 3.0 náà ni. Títì olójú mẹ́rin fún kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìwọ lo ní kí n ra èyí tó ní G, kí n lè rí àwòrán lójú tẹlifísàn láì tíì ra káàdì àwòrán. N ò bínú o. Mo kàn ń rán ọ létí ni.

Bí mo ṣe fẹ́ kówó sílẹ̀ fún B450 nìyẹn, kí n fi ìyókù ra stabilizer míì. Ọpẹ́lọpẹ́ SSD kejì. Ihò SSD àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ processor ló ti ń mumi, bákan náà ló ṣe máa rí fún mi lórí méjèèjì. Ihò kejì, ọ̀dọ̀ chipset, ṣíìpù tó ń darí ìyókù bọ́ọ̀dù, ló sábà máa ń ti mu, ibẹ̀ ni wọ́n ti yàtọ̀ gan-an: èyí tí chipset B450 ń pín jáde, PCIe 2.0 ni, ti B550, 3.0 ni. Bí ọ̀nà mẹ́rin bá wọnú ihò náà, gígábáìtì méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni 2.0 lè gbé, 3.0 á gbé bíi mẹ́rin. Orí SSD kejì yẹn ni gbogbo fídíò ìgbéyàwó mi wà. O mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó, kámẹ́rà mẹ́ta, láti àárọ̀ ìdáná títí di ìgbà tí ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí jó wọlé.

Ti BIOS, ètò tó ń jí bọ́ọ̀dù, náà wà níbẹ̀. 2021 ni 5600G dé ọjà. B450 tó bá ti wà nínú páálí ṣáájú ìgbà náà lè má dá a mọ̀ rárá, wàá tan án, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, o ò ní mọ̀ bóyá ó kú tàbí ó ń ṣe àlejò. B550 àkọ́kọ́ pàápàá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ní bọ́tìnì kan lẹ́yìn tí wàá fi flash sí, tí wàá tẹ̀, tí yóò fi BIOS tuntun sórí ara rẹ̀ láìsí processor. X570, bọ́ọ̀dù AM4 míì, ńkọ́? Fáànù kékeré ló wà lórí chipset ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ariwo gẹ̀n tó mi.

Mo ní kí ọmọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn gbé B550 wá. Ó gbé e wá, páálí ń dán, B550M wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Mo fa bọ́ọ̀dù yọ, mo gbé e sí oòrùn, mo wo àárín àwọn ihò gígùn yẹn níbi tí wọ́n ti ń tẹ orúkọ sí. B450M. Mo fi èékánná họ ọ́ bóyá ojú ló ń tàn mí. Ọmọkùnrin náà ò tiẹ̀ mira. "Àǹtí, páálí ló pòrúúrú. Mo ṣáà sọ fún yín pé bákan náà ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé Bẹ́gà. Láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn, n ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Màmá Kẹ́mi ti palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, Mofẹ́ ti wọ JSS1 ó sì ti ga jù mí, àjọ wa ṣì ń lọ, alájọ ò tíì sá.

Ìyàwó tí mo yà fídíò rẹ̀ ní Oṣù Kẹrin ń pè mí lójoojúmọ́. Ó ti lóyún báyìí, ikùn ti yọ. Mo sọ fún Bàbá Mofẹ́ pé tó bá tún pẹ́ sí i, màá pa á pọ̀ mọ́ ti ìkómọ, kí wọ́n san owó ẹ̀ẹ̀kan fún méjì. Ó rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò mọ̀ ni pé owó tí ìyàwó náà san sílẹ̀, òun ni mo fi san owó ilé-ìwé Mofẹ́. Kò sí lọ́wọ́ mi láti dá padà. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún.

Ṣé o ti mọ ibi tí mo ń lọ? Oṣù Kejìlá tí ò ń bọ̀ wá ṣe ìgbéyàwó Délé, bá mi ra B550M kan lọ́hùn-ún. Kí ó ní ihò SSD méjì, kí o rí i dájú pé ìkejì náà gba NVMe, irú SSD tó ń gba PCIe, kì í ṣe SATA tó lọ́ra nìkan. Kí ó ní bọ́tìnì BIOS yẹn. Kò nílò láti le jù, 5600G kì í jẹ iná púpọ̀. Bá mi san án ná, màá máa kó owó rẹ̀ fún Màmá ní Bódìjà lóṣooṣù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni màá fi parí rẹ̀. Bí kò bá rọrùn, sọ fún mi láìfi bò, àárín wa ò ní bàjẹ́ torí bọ́ọ̀dù.

Ṣí páálí rẹ̀ níwájú wọn o. Òyìnbó náà lè ní páálí pòrúúrú. Má sì jẹ́ kí ó wọ inú báàgì ìsàlẹ̀, ọwọ́ ni kí o fi gbé e. Bàtà tí o rà fún Mofẹ́ lè lọ sísàlẹ̀, kò sì bá a lẹ́sẹ̀ mu mọ́, ó ti ń wọ ogójì.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ