Ẹ Wo Ojú Iná Kí Ẹ Tó Sọ Pé Ó Ti Bàjẹ́

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí sétí àwọn onílé ẹlẹgbẹ́ mi, kí wọ́n má baà náwó dànù bíi tèmi lórí iná ìta.

Àpáta nílùú Ìbàdàn ni mò ń gbé. Láti ìgbà tí wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa lóru ni mo ti ní kí wọ́n gbé iná kan kọ́ sókè géètì, irú èyí tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, tó sì máa ń kú bí ilẹ̀ bá mọ́. Ó ṣiṣẹ́ fún ọdún kan àtààbọ̀ láìsí wàhálà. Àfi bí Iléyá ṣe kù ọjọ́ díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège: á tàn, á kú, á tún tàn, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lóru ọjọ́ kan tí mo jí kírun, mo fi tẹ̀súbáà ọwọ́ mi kà á. Mo fa ogún ó lé díẹ̀, ó kú. Mo tún fa ogún, ó tàn. Ìyá ọmọ tuntun tó wà ní ọ̀ọ́kán wa wá bẹ̀ mí pé iná náà ń kọ yẹ̀rì sójú ọmọ òun, kò jẹ́ kó sùn. Ojú tì mí.

Oníná àkọ́kọ́ ní gílóòbù ló ti jó. A pààrọ̀ rẹ̀ ní ₦4,500, kò yàtọ̀. Èkejì fi tẹ́sítà kàn án níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó ní iná ìjọba tí kì í lágbára ló bà á jẹ́, kí n ra odindi mìíràn. Mo rà á ní ₦18,000. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́ gan-an, tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi ti àtijọ́.

Aṣọ ni mò ń tà ní Dùgbẹ̀. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá pé ó ń ṣí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni irú ọṣẹ tó fi fọ̀ ọ́ àti ibi tó sá a sí. Mo wá bi ara mi: kí la ṣe sí ilé yìí kí wàhálà tó dé? Ọ̀dà ni. Nítorí Iléyá, a kun ògiri ẹ̀gbẹ́ géètì, tó jẹ́ símẹ́ńtì lásán tẹ́lẹ̀, ní funfun báláú.

Iná yẹn ní ojú kékeré kan lábẹ́, kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Bí òkùnkùn bá bo ojú yìí, á tan gílóòbù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, á rò pé ilẹ̀ ti mọ́, á pa á. Ìmọ́lẹ̀ iná ń lu ògiri funfun, ó ń ta padà sójú rẹ̀. Iná náà ló ń pa ara rẹ̀!

Lálẹ́, ọmọ-ọmọ mi so páálí mọ́ orí igi gígùn, ó nà án sókè láti ilẹ̀, ó fi dí àárín ògiri àti ojú náà. Iná tàn. Mo ka tẹ̀súbáà yí po, kò kú. Lọ́jọ́ kejì, a pa iná láti ibi mítà, ó gun àkàbà onígi, ó gé páìpù omi tí kò gùn ju ìka lọ, ó fi ṣe fìlà fún ojú náà, ó sì kọ ẹnu rẹ̀ sí ìta gbangba. Ó ti pé oṣù méjì báyìí tó ń tàn geere.

Iná àtijọ́ ńkọ́? Mo fi aṣọ dúdú bo ojú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, láìpẹ́ ó tàn. Ẹ̀yìnkùlé ló wà nísinsìnyí, kò ní àrùn kankan. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń tàn lọ́sàn-án, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ìdọ̀tí tàbí òwú aláǹtakùn ló dí ojú rẹ̀. Ti onísólà, eruku ọyẹ́ orí páńẹ́lì ni kí ẹ kọ́kọ́ nù. Bó bá jẹ́ pé omi ló wọnú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe oníná.

Ẹ̀yin oníná wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wá lálẹ́. Ọ̀sán ni àwọn méjèèjì wá sílé mi, nígbà tí àrùn náà kì í hàn. Bó bá jẹ́ ti owó ọkọ̀ alẹ́ ni, a ó san án.

Èmi ni,
Àlájà onílé kan,
Àpáta, Ìbàdàn.