Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín mọ́tò

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Sátidé.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́. Mọ́tò Mini 1989, pupa fòò, ìpẹtà ti jẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀. Màmá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá mọ́tò tuntun ti tán ní Leeds ni. Èmi ò bi ọ́. Ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò olówó ní Lewisham, ẹnu wo ni yóò fi bi ọmọ rẹ̀?

O ní wọn ò jẹ́ kí ó yege MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún mọ́tò nílùú ọba, nítorí èéfín, pé carbon monoxide, gáàsì olóró inú rẹ̀, jẹ́ 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Mọ́tò tó kọ́kọ́ gorí títì láàrin August 1986 sí ìparí July 1992, 3.5 ni òfin gbà fún un. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹkún. Epo ti pọ̀ jù fún atẹ́gùn nínú ohun tí kàbúrétọ̀ ń pò fún ínjìnnì ni. Ìwọ sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ tún un ṣe nílé, o ń bi mí pé èwo ni kí o rà nínú ẹ̀rọ mẹ́ta tó ń wọn èéfín tí o rí.

Má ra ńlá tí gáréèjì tó ń kógbá sílé fẹ́ tà fún ọ yẹn. Lóòótọ́, gáàsì mẹ́rin ló ń wọ̀n: carbon monoxide, carbon dioxide, oxygen, àti epo tí kò jóná. Àmọ́ ohun tó fi ń mọ oxygen jẹ́ nǹkan kékeré kan tó ń kú díẹ̀díẹ̀ bíi bátìrì, yálà o lò ó tàbí o kò lò ó. Ọdún kan sí méjì, ó tán. Yàtọ̀ sí èyí, ó yẹ kí wọ́n máa fi gáàsì inú sìlíńdà tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán an wò lóòrèkóòrè. Bí ẹni tó ń tà á kò bá ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n ṣe é láìpẹ́ yìí, owó rẹ ló fẹ́ gbà.

Èyí tí wọ́n ń jó mọ́ páìpù sàlẹ́ńsà, tó ń sọ iye atẹ́gùn tó bá epo wọ inú ínjìnnì, mo fẹ́ràn rẹ̀. Kílò 14.7 atẹ́gùn sí kílò kan bẹntiróòlù, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jóná tán. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí mọ́tò ń sáré. Ìwọ kò tíì dé ibẹ̀.

Ra kékeré tó ń wọn carbon monoxide nìkan, tó ń gba iná láti ara bátìrì mọ́tò. Ó tó ọ. Ṣùgbọ́n mọ ìwà rẹ̀: wáyà gbígbóná ló wà nínú rẹ̀, ó ń fi èéfín wé afẹ́fẹ́ tó mọ́. Bí o bá dín epo kù kọjá bó ti yẹ, òǹkà lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, wàá sì rò pé epo ló pọ̀. Bí o bá ń dín epo kù, tí òǹkà wálẹ̀ tó tún yí padà sókè, o ti ré e kọjá nìyẹn. Dá a padà.

Kí o tó fọwọ́ kan kàbúrétọ̀, wo fílítà, póọ̀gì, tápẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí fáàfù, àti táímìn, ìyẹn àsìkò tí póọ̀gì ń taná. Wo sàlẹ́ńsà pẹ̀lú. Nígbà kan, mo fi ìdajì ọjọ́ tún mọ́tò oníbàárà kan ṣe títí ẹ̀rọ fi sọ 2 fún mi. Inú mi dùn, mo gbowó. Ọkùnrin náà lọ pààrọ̀ sàlẹ́ńsà, ó lọ ṣe MOT, wọ́n ní 6! Àṣé oríkèé sàlẹ́ńsà àtijọ́ ló lu, afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé láti bu omi la èéfín tí mò ń wọ̀n. Mo dá owó rẹ̀ padà. Látìgbà náà, mo máa ń fi àkísà dí ẹnu páìpù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, màá fetí sílẹ̀ bóyá ibì kan ń súfèé.

Wa mọ́tò náà káàkiri fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ara rẹ̀ gbóná dáadáa. Jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbóná nínú afẹ́fẹ́ tó mọ́, jìnnà sí èéfín, kí o tó dá òǹkà rẹ̀ sí ibi tí ìwé rẹ̀ sọ. Ti ọ̀pá rẹ̀ bọ páìpù tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, ó kéré tán. Omi máa ń bá èéfín jáde, má jẹ́ kí ó dé inú ẹ̀rọ.

Nọ́ọ̀tì abẹ́ kàbúrétọ̀ SU rẹ ní ojú mẹ́fà. Bí o bá yí i sókè, epo dín. Bí o bá yí i wálẹ̀, epo pọ̀. Ojú kan lẹ́ẹ̀kan, Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe méjì. Tẹ iná díẹ̀, fi í sílẹ̀ kó padà sí sìlóò, bó ti ń rọra ṣiṣẹ́ láìtẹ iná, kí o tó wo òǹkà. Èmi a máa fẹ́ kó wà láàrin 2 sí 3. Lẹ́yìn náà, fi pínnì kékeré ẹ̀gbẹ́ kàbúrétọ̀ gbé písítìnnì inú rẹ̀ sókè díẹ̀ pínńkín. Bí ínjìnnì bá sáré tí kò dẹ̀ mọ́, epo ṣì pọ̀. Bí ó bá fẹ́ kú, epo ti kéré jù. Bí ó bá ta kìjí díẹ̀ tó sì padà sípò, ẹ ti gbọ́ra yín yé. Epo tí wàá máa rà gan-an ni kí o fi ṣe é, torí E10, bẹntiróòlù tí ethanol inú rẹ̀ lè tó 10 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n gbé dé lọ́hùn-ún ní September 2021, ní oxygen nínú ju E5, tí tirẹ̀ kò ju 5, lọ.

Ìta ni kí o ti ṣe gbogbo èyí. Ní òtútù 1987, mo fa ilẹ̀kùn gáréèjì dé díẹ̀ kí ìka mi má baà dá. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, mo rò pé ebi ni. Ẹlẹgbẹ́ mi tó wọlé wá mu tíì ló fà mí jáde. Carbon monoxide yẹn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Òun náà ló ń pa odidi ìdílé níhìn-ín nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn. Ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ kò sì lè kìlọ̀ fún ọ, inú páìpù ni ojú rẹ̀ wà.

Bí ó bá ti dúró, gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà, gba ohùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí o fi í ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀gúsí tí o ní kí màmá rẹ rà ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.