Itan Màámi

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Ẹtì.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Ara wa le níbí, àmọ́ Màámi ṣubú. Mo mọ̀ pé àyà rẹ á já, ni mo ṣe tètè sọ ọ́: wọ́n wà láàyè, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń bèèrè rẹ. Wọ́n dìde lóru láti lọ tọ̀ ni ẹsẹ̀ wọn kọ́ etí ẹní. Ìṣubú tí kò tó nǹkan, irú èyí tí ọmọdé máa ń ṣubú tí á sì dìde sáré. Wọn ò lè dìde mọ́. X-ray fi hàn pé eegun itan ọ̀tún ti kán lókè pátápátá, níbi ọrùn rẹ̀ tó wọ ìbàdí.

Ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ó ní eegun ọ̀hún ti ṣófo tipẹ́ kí wọ́n tó ṣubú. Ojoojúmọ́ ni ara ń wó eegun, tí ó sì ń tún un kọ́. Léwe, kíkọ́ a máa pọ̀ ju wíwó lọ. Tí èèyàn bá ti kọjá nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó di pé ká máa ṣọ́ èyí tó wà nílẹ̀; tí nǹkan oṣù obìnrin bá sì dúró, wíwó á wá máa sáré. Kò ní dun èèyàn rárá. Dókítà bi mí bóyá Màámi ti kúrú sí i. Àbẹ̀kẹ́, ṣebí o rántí fọ́tò ìgbéyàwó wọn, bí wọ́n ṣe ga ju Bàbá lọ? Èjìká mi ni wọ́n mọ báyìí. Gbogbo wa ní ogbó ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé eegun ẹ̀yìn ló ń rún díẹ̀díẹ̀. Prednisolone, oògùn tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì sí orúnkún tó ń dùn wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, náà a máa ba eegun jẹ́. Ó ní a ò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, díẹ̀díẹ̀ la ó máa dín in kù.

Túnjí ti wọ Pólì, Ìyá Ìbejì ti kó lọ sí Àkóbọ̀, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ti parí.

Bọ̀dá Délé ní ká gbé Màámi lọ sọ́dọ̀ baba tó ń to eegun. Mo mọ ohun tó fà á: baba yẹn ló to apá wọn lọ́jọ́ igi máńgòrò, ìwọ náà wà níbẹ̀. Mi ò bá baba náà jà. Àmọ́ apá ọmọdé yàtọ̀ sí ọrùn itan àgbàlagbà. Ibi ọrùn yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé orí eegun. Tó bá kán, orí eegun lè kú sínú, kò sí ọparun tí a lè fi dè é tí á mú un. Tí Màámi bá wá ń dùbúlẹ̀ fún oṣù, egbò ẹ̀yìn á dé, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró á dé, ẹ̀jẹ̀ á máa dì nínú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni dókítà fẹ́ ṣe, kí wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀, kó sì yá. Ìwọ tí o ń tọ́jú àwọn àgbà ní Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ: lọ́dọ̀ yín, ọjọ́ tí wọ́n bá dé tàbí ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń fẹ́ ṣe é.

Ìwọ gan-an ń kọ mí lóminú. Òru ni o ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ni o ń sùn, oòrùn ibẹ̀ kò sì tó nǹkan fún awọ ara dúdú bíi tiwa. Láìsí fítámínì D tí oòrùn ń mú kí awọ ara ṣe, kálísíọ̀mù inú oúnjẹ tó ń mú eegun le kì í wọ ara dáadáa. NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba yín, ní kí ẹni tó bá dúdú rò ó láti máa lo máíkíró-gíráàmù 10 rẹ̀ lójúmọ́, yípo ọdún. Jọ̀ọ́, rà á. Máa jẹ sárdìnì tòun teegun ẹ̀, kí o sì máa rìn. Eegun a máa le sí i tó bá ń gbé ẹrù ara. Èmi ti ń fẹsẹ̀ gun òkè Mápó láràárọ̀. Ọjọ́ orí wa kan náà ni, nǹkan oṣù tèmi sì ti dúró.

Mi ò torí owó kọ̀wé, owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Bọ̀dá Délé ni kí o bá mi pè. Láti ìgbà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Mọ́níyà, ìwọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀ nínú gbogbo wa. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni ìpàdé ẹbí. Pè wọ́n lálẹ́ Sátidé, kí o sọ ohun tí o ti fojú ara rẹ rí níbi iṣẹ́. Má sọ pé èmi ni mo ní kí o pè.

Èmi ni tìrẹ,
Rónkẹ́